Kẹ̀kẹ́ Ológeere fún Gbogbo Ọmọ: Ilẹ̀kùn Márùn-ún Tí A Ní Láti Ṣí

Kò sí ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ ológeere láàárín wa. Irin díẹ̀, rọ́bà díẹ̀, ṣéènì kan àti ẹsẹ̀ méjì tí ń yí: gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀ kò ju èyí lọ. Kì í mu epo, kì í jẹ koríko bí ẹṣin, kò sì béèrè ju agbára ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún. Síbẹ̀, bí a bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ní òwúrọ̀, tí a sì ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń dé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ó rí tí ó gun kẹ̀kẹ́ wá. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀ náà, ọmọkùnrin ni ó máa ń pọ̀ jù. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà jù lọ, tí kẹ̀kẹ́ ì bá sì ṣe ní oore jù lọ, òun gan-an ni kì í sábà ní i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wò ó, nítorí olùkọ́ ni wá. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní kìlómítà 5 yóò rìn fún nǹkan bí wákàtí kan kí ó tó dé, yóò sì rìn fún wákàtí kan kí ó tó padà sílé. Bí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tí ó tẹ́jú díẹ̀, ìṣẹ́jú 25 tó fún un ní àlọ, 25 mìíràn sì tó fún un ní àbọ̀. Ó ti jèrè ìṣẹ́jú 70 lójúmọ́ kan. Ní ọjọ́ márùn-ún tí a fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀, èrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà yìí ni ọmọ lè fi ka ìwé, tàbí kí ó fi ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí ó fi sùn kí ó má baà máa tòògbé lórí tábìlì nígbà tí a bá ń kọ́ ọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé owó nìkan ni ó ń dí ọ̀nà, àti pé bí ọlọ́rẹ kan bá ti lè ra kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọmọ, ọ̀ràn ti tán. Èrò tèmi kọ́ nìyẹn. Ilẹ̀kùn márùn-ún ni ó wà láàárín ọmọ àti kẹ̀kẹ́: ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ àti iye tí ó ń náni, àṣà àwọn ènìyàn, ẹ̀kọ́ gígùn rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ nígbà tí ó bá bàjẹ́, àti ọ̀nà tí a ó gùn ún lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ọ̀kan, tí ó sì fi mẹ́rin sílẹ̀ ní títì, kò tíì mú ọmọ kankan wọlé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀RỌ NÁÀ

Ní ọdún 1817, ní ìlú Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Karl von Drais fi igi ṣe ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan. Kò ní ṣéènì, kò sì ní pẹ́dàlì. Ẹni tí ó jókòó lé e ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ilẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí ń sáré lórí ìjókòó. Ní àwọn ọdún 1860, àwọn ará Faransé fi pẹ́dàlì sí ara ẹsẹ̀ iwájú. Ṣùgbọ́n nítorí pé ara ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gan-an ni pẹ́dàlì náà wà, bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ń yí. Ẹni tí ó bá fẹ́ yára ní láti mú ẹsẹ̀ iwájú náà tóbi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú un tóbi sí i, títí ó fi ga tó àyà ènìyàn ní àwọn ọdún 1870, tí ẹni tí ó gùn ún sì ń jókòó sókè téńté. Bí òkúta kan bá kọ ẹsẹ̀ iwájú náà, orí ni onítọ̀hún yóò fi ṣáájú dé ilẹ̀.

Ta ni ó lè gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ga, tí ara rẹ̀ le, tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé kò lè gùn ún, obìnrin tí ó wọ aṣọ gígùn kò lè gùn ún, àgbàlagbà kò sì jẹ́ dán an wò. Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley, ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ga, ṣéènì sì so ibi pẹ́dàlì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Irin eléyín tí ó wà níbi pẹ́dàlì tóbi, èyí tí ó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì kéré, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tẹ pẹ́dàlì yí lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ kò ní láti ga kí ó tó lè yára mọ́. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran kan tí ń gbé ní ìlú Belfast, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí nínú. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún, kí ọmọ náà lè gùn ún láìsí gbígbọ̀n jìgìjìgì lórí òkúta.

Ẹ kíyè sí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe pé àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin kò yẹ fún kẹ̀kẹ́ ní ọdún 1870. Kẹ̀kẹ́ ni kò yẹ fún wọn. Nígbà tí a tún ẹ̀rọ náà ṣe ní ìwọ̀n wọn, wọ́n gùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò sì wọ akèǹgbè. Bí a bá fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, yóò ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin gbọọrọ tí ó wà láàárín, yóò sì máa gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ó rọ̀ mọ́ ara igi. Ó lè lọ, ṣùgbọ́n kò lè dúró nígbà tí ó bá fẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí ó bá ìwọ̀n ọmọ mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ti gbó, sàn fún un ju kẹ̀kẹ́ tuntun tí ó ga jù ú lọ.

Ọmọ tí ara rẹ̀ kò pé náà kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà tí a ń fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì rẹ̀, a sì ti ń rí i ní àwọn ìlú wa tipẹ́. Fún afọ́jú, kẹ̀kẹ́ elérò méjì wà: ẹni tí ó ríran jókòó níwájú, ó ń darí rẹ̀, afọ́jú jókòó lẹ́yìn, ó ń tẹ pẹ́dàlì bí ti ẹnìkejì rẹ̀. Irú kẹ̀kẹ́ yìí ni àwọn afọ́jú fi ń sáré nínú ìdíje Paralympics láàárín gbogbo orílẹ̀-èdè ayé.

ÀṢÀ ÀWỌN ÈNÌYÀN

Ilẹ̀kùn kejì kò ní kọ́kọ́rọ́ tí a lè fi owó rà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1878, a bí ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú Indianapolis, tí a wá mọ̀ sí Major Taylor. Awakọ̀ ẹlẹ́ṣin ni bàbá rẹ̀ jẹ́ fún ìdílé olówó kan. Ìdílé yìí ni ó fún ọmọ náà ní kẹ̀kẹ́, òun fúnra rẹ̀ ì bá má sì rí i rà. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n gùn dé ibi tí ó ya ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1894, ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí ó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ṣe òfin pé aláwọ̀ funfun nìkan ni a ó gbà sí ẹgbẹ́ àwọn. Taylor kò padà sẹ́yìn. Ní ọdún 1899, ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ó gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo ayé nínú eré máìlì kan. Ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ náà tó kọ òfin rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ ní gbangba, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti borí, àti ọdún 67 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ní Áfíríkà, àwọn ará Ítálì ni ó mú eré kẹ̀kẹ́ wọ Eritrea, wọn kò sì kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà bá wọn díje. Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n láàyè ní ọdún 1939, ọmọ Eritrea, Ghebremariam Ghebru, ni ó borí. Ilẹ̀ kan náà ni ó bí Biniam Girmay, ẹni tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní ọjọ́ kan nínú eré Tour de France ní oṣù Keje ọdún 2024. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó borí bẹ́ẹ̀ nínú eré ọdún náà, ó sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé dé òpin rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní ilẹ̀ Rwanda gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú pópó ti gbogbo ayé, èyí tí a kò tíì ṣe rí ní Áfíríkà. Láti ìgbà tí a ti ń lé àwọn kan sẹ́yìn títí di ọjọ́ yìí, ẹ̀bùn kò fìgbà kan wọ́n. Àyè ni ó wọ́n.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ohun iyì ni kẹ̀kẹ́ jẹ́. Olùkọ́, katikíìsì, akọ̀wé àti àgbẹ̀ tí kòkó ti mú owó wọlé fún ni ó ń gùn ún, tálákà sì ń wò ó láti òkèèrè. Nígbà tí ó yá, alùpùpù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀, kẹ̀kẹ́ sì bọ́ kúrò ní ipò iyì. Lónìí, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń wò ó bí àmì òṣì, tí wọ́n sì ń sọ pé ọmọ àwọn kì yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí àwọn ènìyàn má baà rò pé àwọn kò ní. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà: nígbà kan kẹ̀kẹ́ ga ju tálákà lọ, nísinsìnyí ó rẹlẹ̀ lójú ẹni tí ó lè rà á. Láàárín méjèèjì, ọmọ ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ti ọmọbìnrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní kò yẹ ọmọbìnrin kí ó máa ya ẹsẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn ní yóò ba ara rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, nítorí àìmọye obìnrin ni ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ayé láti nǹkan bí ọdún 1890, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n sì gbó. Kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ wà fún ẹni tí ó wọ síkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó ṣòro ni pé kí àwa olùkọ́ dúró níwájú àwọn òbí, kí a sì sọ èyí pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò jìnnà. Nínú ìdíje Olympic ní Paris ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ọmọbìnrin Nàìjíríà, Ese Ukpeseraye, ni a pè lójijì láti díje nínú eré kẹ̀kẹ́ inú pápá lẹ́yìn eré ojú pópó. Kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí a fi ń sá eré náà. Àwọn ará Jámánì ni ó yá a ní tiwọn kí ó tó lè wọlé. Bí ẹni tí ó ti dé ibi gíga bẹ́ẹ̀ bá lè wà láìní kẹ̀kẹ́, kí ni kí a wí nípa ọmọ tí kò tíì fi ọwọ́ kan ọ̀kan rí?

OHUN TÍ ÀWỌN ILẸ̀ MÌÍRÀN ṢE

Ní ìpínlẹ̀ Bihar ní ilẹ̀ Íńdíà, ọmọbìnrin tí ń parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò tó nǹkan, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ gíga jìnnà sí abúlé. Ní ọdún 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ kíláàsì kẹsàn-án ní owó rúpì 2,000 láti fi ra kẹ̀kẹ́. Karthik Muralidharan àti Nishith Prakash yẹ iṣẹ́ náà wò; wọ́n fi àwọn ọmọbìnrin wé àwọn ọmọkùnrin, wọ́n sì fi Bihar wé ìpínlẹ̀ Jharkhand tí ó bá a pààlà, kí wọ́n lè mọ èyí tí kẹ̀kẹ́ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ì bá ṣẹlẹ̀ láìsí i. Wọ́n rí i pé iye àwọn ọmọbìnrin tí ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ìdá 32 nínú 100 pọ̀ sí i, àlàfo tí ó wà láàárín àwọn àti àwọn ọmọkùnrin sì dín kù ní ìdá 40 nínú 100. Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ ti jìnnà tó kìlómítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èrè náà ti pọ̀ jù.

Kí ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe owó náà nìkan. Gbogbo ọmọbìnrin inú kíláàsì náà ni ó gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kò sí ẹnì kan tí a lè nàka sí pé òun nìkan ni ó ń ṣe ohun tí a kò ṣe rí. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gùn ún lọ. Àṣà tí ó ti le bí àpáta rọ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ jọ gbà á kọjá.

Ilẹ̀kùn kẹrin, èyí tí í ṣe àtúnṣe, ni àwọn ará Zambia kọ́ wa ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ World Bicycle Relief, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ń pín kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé níbẹ̀, ọmọbìnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kò mú kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣeré wá. Èyí tí wọ́n mú wá wúwo, irin rẹ̀ nípọn, ibi ẹrù rẹ̀ lè gba kílò 100, ìjánu rẹ̀ sì wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ á dúró. Kò sí okùn tí yóò já. Wọ́n kọ́ àwọn ará àdúgbò ní iṣẹ́ àtúnṣe, wọ́n sì rí i pé ohun èlò wà ní tòsí. Ìgbìmọ̀ àwọn òbí, olùkọ́ àti àwọn àgbà ìlú ni ó ń ṣàbójútó rẹ̀. Ọmọ a tọwọ́ bọ ìwé pé òun yóò fi kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ déédéé; bí ó bá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kẹ̀kẹ́ náà á di tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn oníwàádìí wọn iṣẹ́ yìí láàárín àwọn ọmọbìnrin tí ilé wọn jìnnà ju kìlómítà 3 lọ, wọ́n rí i pé àkókò tí wọ́n ń lò ní ọ̀nà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, àìwá sí ilé-ẹ̀kọ́ dín kù ní ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, pípẹ́ dé sì dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ó wọ olùkọ́ lọ́kàn: àwọn tí ń yọ àwọn ọmọbìnrin náà lẹ́nu ní ojú ọ̀nà kò rí wọn mú bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ti ọ̀nà ni ó kù. Ní ilẹ̀ Netherlands, níbi tí a ti mọ̀ pé tọmọdé tàgbà ń gun kẹ̀kẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀ láti òkè wá. Ní ọdún 1971, ó ju 3,000 ènìyàn tí ọkọ̀ pa lójú pópó ilẹ̀ náà, àwọn tí ó ju 400 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Àwọn òbí dìde, wọ́n kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Stop de Kindermoord, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí a dẹ́kun pípa àwọn ọmọdé. Wọ́n ń fẹ̀hónú hàn títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, tí ó sì ń dín eré àwọn ọkọ̀ kù ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ a máa ṣe ìdánwò nípa òfin ojú ọ̀nà, àti lórí ìwé àti lórí kẹ̀kẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ètò kan tí ń jẹ́ Bikeability ti wà láti ọdún 2007; ìpele mẹ́ta ni: ọmọ á kọ́kọ́ kọ́ ọ nínú ọgbà tí ọkọ̀ kì í dé, lẹ́yìn náà ní ọ̀nà tí ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ó tó dé ojú pópó tí ọkọ̀ pọ̀ sí.

OHUN TÍ OLÙKỌ́ LÈ ṢE

Ẹnì kan lè wí pé, “Ìjọba ni àwọn ohun wọ̀nyí kàn, kí ni owó olùkọ́ tó?” Òótọ́ ni pé a kò lè la ọ̀nà, a kò sì lè ra kẹ̀kẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́, ti àtúnṣe àti ti àṣà wà lọ́wọ́ wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kẹ̀kẹ́ márùn-ún tí ó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, tí a fi ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra yàn, lè kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ láàárín ọdún kan.

Ọ̀nà kan wà láti kọ́ ọmọ tí ó rọrùn ju dídì í mú lẹ́yìn kí a sì máa sáré tẹ̀ lé e. Ẹ tú pẹ́dàlì méjèèjì kúrò. Ẹ rántí pé èyí tí ó wà ní apá òsì, ọ̀nà òdì ni a fi ń tú u. Ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì yóò fi kan ilẹ̀ dáadáa. Kí ó máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ sẹ́yìn lórí pápá tí ó tẹ́jú, gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀rọ Drais ní ọdún 1817. Kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ fúnra rẹ̀ pé bí kẹ̀kẹ́ bá ń tẹ̀ sí ọ̀tún, kí òun yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ó bá ń tẹ̀ sí òsì, kí òun yí i sí òsì. Gbogbo àṣírí kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ó bá ti lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí kẹ̀kẹ́ sì máa lọ, ẹ dá pẹ́dàlì padà, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ìjánu kí ó tó kọ́ eré sísá.

Lẹ́yìn èyí, kí a kọ́ ọ ní àtúnṣe: bí a ti ń fẹ́ táyà, bí a ti ń wá ibi tí túúbù ti lu nípa rírì í sínú omi, bí a ti ń lẹ̀ ẹ́, àti bí a ti ń fi epo sí ṣéènì. Kí a kọ́ ọmọbìnrin ní gbogbo rẹ̀ bí a ti ń kọ́ ọmọkùnrin. Kẹ̀kẹ́ tí ó wà ní ìdúró nítorí ihò kan ṣoṣo kò sàn ju àìní lọ.

Ní ti ojú ọ̀nà, kí olùkọ́ rìn ín fúnra rẹ̀ kí ó tó rán ọmọ lọ. Kí ó mọ ibi tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré sí, àti ọ̀nà abúlé tí ọmọ lè yà gbà. Láti ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Apá ọ̀tún náà ni kí ọmọ máa gbà, kí ó má ṣe kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Kí ó dé àṣíborí, kí ó wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ọ̀nà kan bá burú dé ibi tí kò sí ọgbọ́n tí a lè ta sí i, kí a má ṣe rán ọmọ gba ibẹ̀; kí a kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí àwọn òbí sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Igi gàǹgàǹràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Èyí tí ó kẹ́yìn, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni àpẹẹrẹ. Bí olùkọ́ bá ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tí ó mọ́, tí olùkọ́ obìnrin náà sì ń gùn ún láìtijú, wọn yóò ti wàásù fún àwọn òbí láìla ẹnu. Ẹni tí ń ka kẹ̀kẹ́ sí àmì òṣì yóò ní láti tún èrò rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó tú ká lọ sí abúlé àti ìlú, níbi tí a bá rán wa sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò bá ọmọ kan pàdé tí ó ń fi kìlómítà 5 rìn wá, tí ó ń pẹ́ dé, tí a sì ń bá wí pé ọ̀lẹ ni. Kí a tó mú pàṣán, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè bí ilé rẹ̀ ti jìnnà tó. Lẹ́yìn náà, kí a wo èyí tí ó tì nínú ilẹ̀kùn márààrún, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ọwọ́ wa lè dé.